Ikùn Tí Òmìnira Fún Wa

Ọdún kejì tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé ni mo gun orí basikúlù fún ìgbà àkọ́kọ́. Basikúlù ni à ń pe ìwọ̀n ńlá onírin tí wọ́n ń gbé àpò ẹkùrọ́ lé ní ilé ìṣòwò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Pobẹ̀, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Èmi ni mò ń wọn ẹkùrọ́. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àga ni mo máa ń wà. Àwọn aláàárù á gbé àpò lé e, n óò ti irin kékeré ara rẹ̀ síwá-sẹ́yìn, n óò pariwo iye kílò, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní iṣẹ́ nìyẹn. Nínú gbogbo ara mi, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹnu nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyá àgbà kan tí ó kó ẹkùrọ́ wá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gun orí ẹ̀ ẹ̀yin náà, kí á mọ ibi tí a bọ́ yín dé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gùn ún. Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, ní ọdún tí ó ṣáájú òmìnira, méjìléláàádọ́rin ni wọ́n kọ sínú ìwé mi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe pé ayé ń yẹ mí. Ohun tí ó ń tì mí lójú títí di òní ni pé inú mi dùn, mo tún dúró pẹ́ díẹ̀ lórí irin náà kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn lè rí i.

Ẹni tí kò bá gbé ayé ìgbà náà kò lè mọ bí a ti gọ̀ tó. Àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, àwọn tiwa jókòó sórí àga wọn, kò sì pé oṣù mẹ́fà tí àga náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀gá ọlọ́pàá sanra. Ọ̀gá àwọn tí ń ṣọ́ ẹnubodè sanra. Ẹni tí ó bá wà nípò tí kò níkùn, ńṣe ni wọ́n máa ń wò ó bíi pé ó jí ipò náà gbé. Tí olóṣèlú bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, ikùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé orí pèpéle, òun fúnra rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Yóò ní kí á gbé ọkọ́, kí á ṣiṣẹ́ kára, kí á kọ́ ìlú wa. Nígbà tí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, èèyàn méjì ni yóò dì í mú kí ó má ṣubú. A ó sì pàtẹ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, mò ń pàtẹ́wọ́, bọ́tìnì ẹ̀wù mi ń já.

Kò sì sí àdììtú kankan nínú bí mo ṣe sanra. Ní àárọ̀, odidi búrẹ́dì gígùn kan àti bọ́tà, pẹ̀lú kọfí tí mo da wàrà inú agolo sí títí ó fi nípọn bí ògì. Kí ó tó di ọ̀sán, àkàrà. Ní ọ̀sán, òkìtì ẹ̀bà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá. Ní ìrọ̀lẹ́, bíà méjì, kí n má bàa dà bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò là. Lẹ́yìn bíà, sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu pọn, a ní òun ni ó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà. Lẹ́yìn náà mo tún jẹun, nítorí pé oúnjẹ ti dà. Àwọn tí ń ta ẹkùrọ́ sì máa ń gbé adìyẹ, ẹran ìgbẹ́ àti iṣu wá fún mi, kí ọwọ́ mi lè rọ̀ nígbà tí mo bá ń ti irin ìwọ̀n. Mò ń gbà á. Adìyẹ ni wọ́n fi ń rà mí. N kò tilẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ojú mi kọ́kọ́ là díẹ̀. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sakété, kí n ti ibẹ̀ dé Takọn, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Opó ni, àgbẹ̀ ni, òun nìkan sì ni ó ṣẹ́kù fún mi nínú ọmọ ìyá. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ni mo pẹ́ sí lọ́jọ́ náà, bí mo sì ti ń sún mọ́ ibùdókọ̀ ni mo gbọ́ tí fèrè ọkọ̀ dún. Mo sáré. Kí n má parọ́, ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré ni mo sá. Àyà mi ń dún kì-kì-kì bí odó, ojú mi ṣú, orúnkún mi yẹ̀. Mo dojú bolẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ṣòkòtò mi sì ya láti ìdí dé itan.

Bí mo ti wà nílẹ̀ yẹn, obìnrin kan tí ó pọn ọmọ, tí ó ru agbọ̀n ata, tí ó tún di adìyẹ méjì mú lọ́wọ́, ré mi kọjá, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó wọ ọkọ̀ tí ó ti ń rìn. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò. Aláàárù mẹ́ta ni ó gbé mi dìde. Méjì nínú wọn jẹ́ ti ilé iṣẹ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ rọra o, èyí kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú." Bí wọ́n ti máa ń sọ nípa àpò tí a kò so dáadáa ni ó ṣe sọ nípa mi.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe dókítà gan-an, anfimiyé ni à ń pè é, òun ni ó máa ń gún wa lábẹ́rẹ́, tí ó sì máa ń di ojú egbò. Ó fi rọ́bà di apá mi, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó wò ó, ó tú u, ó tún dì í lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ̀jẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún ni ó wà lára yín. Ẹ dín ara yín kù."

"Báwo ni mo ṣe máa dín in kù?"

"Ẹ bi ẹnu yín," ó wí, ó sì pe ẹni tí ó kàn.

Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ni pé ọ̀gá akọ̀wé wa ni mo lọ bi. Ọ̀gá akọ̀wé yìí ti gbé Dàkáà, ìlú tí àwọn Faransé fi ṣe olú ìlú wọn, fún ọdún méjì, kò sì sí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá tí a kì í gbọ́ nípa Dàkáà. Ó máa ń gba imú sọ Faransé. Ó sanra jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí òun ń ṣe rejíìmù. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń wàásù fún kèfèrí.

"Rejíìmù ni ohun tí àwọn ọ̀làjú fi ń yọ́ ọ̀rá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹyin sísè mẹ́ta lójúmọ́, tíì kíkorò, ewé díẹ̀. Kò sí ẹ̀bà, kò sí epo, kò sí búrẹ́dì. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ó parí."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, ọ̀gá?"

"Lẹ́yìn ìyẹn kẹ̀? O ti rù náà nìyẹn!"

Ó fa ìwé ìròyìn gbígbó kan yọ nínú àpótí tábìlì rẹ̀. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan tí egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta ni ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ tó ìkòkò aró ń fi ìka rẹ̀ tí ó sanra hàn mí bí ìwé yẹn ti gbọ́n tó, n kò sì bi í léèrè ohun tí ìwé náà ti ṣe fún òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹríba.

Mo ṣe é. Ìyàwó mi, tí kì í pẹ́ mọ nǹkan tí kò ní láárí, ń se ẹyin mi lọ́tọ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Mò ń bínú sí gbogbo èèyàn. Mo na ọmọ mi nítorí pé ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín níwájú mi. Mò ń lá àlá ọbẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì pé, mo gun basikúlù: kílò méje ti lọ. Ọ̀gá akọ̀wé bọ̀ mí lọ́wọ́, ó kí mi ní Faransé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, èmi àti òun lọ jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín, a sì mu bíà lé e. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni a fi ṣe àjọyọ̀ pé a ti rù. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì.

Oṣù méjì kò pé tí kílò méje náà fi padà wálé, wọ́n sì mú mẹ́rin mìíràn dání bí àlejò tí ó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá láìsọ fún onílé. Ọ̀gá akọ̀wé ní mo ṣì í ṣe ni. Ó fún mi ní èyí tí ó jẹ́ ọtí kíkan àti ọsàn. Ọtí kíkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi nínú bí iná, mo bọ́ ní kílò mẹ́fà, mo sì gba mẹ́sàn-án padà. Ẹ̀kẹta ni iyọ̀ òyìnbó tí ń ṣí inú. Ó ní kí á máa mu ún ní àràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí á má sì jẹ ju ẹ̀kọ mímu lọ. Ọ̀gá akọ̀wé ní a ó jọ ṣe ìyẹn ni, bí arákùnrin. Kí á má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń sáré láàárín basikúlù àti ilé ìyàgbẹ́, àwọn tí ń ta ẹkùrọ́ sì ń dúró dè mí nínú oòrùn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo na ọwọ́ sí irin ìwọ̀n, irin náà di méjì lójú mi, ilẹ̀ sì dìde wá pàdé mi.

Nígbà tí mo lajú, orí àpò òfìfo ni mo wà nínú yàrá ẹrù, níbi tí òjìji wà. Wọ́n tẹ́ mi síbẹ̀, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn òkìtì àpò: èémí líle, ẹnu tí ń jẹ, egungun tí ń fọ́. Mo rò pé ajá ni ó wọlé. Mo fi ọwọ́ ti ògiri, mo yọjú.

Ọ̀gá akọ̀wé ni. Ó lóṣòó sílẹ̀, ó ti gbé táì rẹ̀ kọ́ èjìká, abọ́ ẹlẹ́dẹ̀ díndín wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, òróró sì ti ṣàn dé igbọ̀nwọ́ rẹ̀.

A wo ara wa.

"Ọ̀gá," mo wí, "rejíìmù ńkọ́?"

Ó gbé èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ mì kí ó tó dáhùn. "Mo ti parí ìyẹn láàárọ̀ yìí. Tuntun máa bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé."

Ó na abọ́ náà sí mi. "Jókòó, jẹ díẹ̀, kí o má bàa kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ì bá wù mí kí n sọ pé mo kọ̀ ọ́. Mo jókòó, mo jẹ. A jẹ abọ́ náà tán, àwa àgbàlagbà méjì tí ó mọ̀wé, a lóṣòó sẹ́yìn àpò ẹkùrọ́ bí òkété. Nígbà tí a jẹ tán ó nu ọwọ́ sára àpò, ó so táì rẹ̀ padà, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè gbọ́ kí ó sọ "Dàkáà" kí n má rántí òróró tí ó wà ní igbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo bọ́ ẹ̀wù, mo rí i pé òróró wà ní igbọ̀nwọ́ tèmi náà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wa ní Sakété. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Takọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ ni ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó wà nínú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ó ń roko. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, kò sì sí ẹran kan lára rẹ̀ tí kò níṣẹ́ tí ó ń ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀, tàbí kí n sọ pé mo gbìyànjú. Ikùn mi nìkan ni ó kanlẹ̀.

"Dìde," ó wí. "Kí o má ba ebè mi jẹ́."

Mo jókòó sórí kùkùté, mo ròyìn rejíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, ti ẹyin, ti ọtí kíkan àti ti iyọ̀. Nígbà tí mo dé ibi iyọ̀, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le.

"Ṣé ọ̀sẹ̀ méjì ni o fi sanra ni?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ó tó ọdún mẹ́rin."

"Kí wá ni o ń bá ọ̀sẹ̀ méjì sọ? Ohun tí o bá mọ̀ pé o ò ní lè máa ṣe títí o fi máa darúgbó, má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣé o lè máa jẹ ẹyin mẹ́ta lójúmọ́ títí o fi máa kú?"

"Rárá."

"Ṣé o lè máa ṣunú lójoojúmọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé o lè máa fẹsẹ̀ rìn?"

Mo wo ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń dúró dè mí lójú ọ̀nà, awakọ̀ ti sùn sínú rẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àbí àwọn òyìnbó kó ẹsẹ̀ rẹ mọ́ ẹrù wọn ni?"

Ó se oúnjẹ fún mi lọ́jọ́ náà: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tí ó pọ̀ nínú abọ́, ẹja kékeré, ẹ̀kọ méjì. Mò ń retí kí ó ka èèwọ̀ oúnjẹ fún mi. Kò ka ọ̀kan. Ó ní kò sí ohun tí Ọlọ́run dá sílẹ̀ fún jíjẹ tí òun á ní kí n má jẹ. Ó ní kí n kàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi, kí n má fi nǹkan mìíràn kún un títí ẹsẹ̀ á fi mọ́ mi lára. Mo dúpẹ́, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú mi títí a fi dé Sakété. Obìnrin tí kò mọ ìwé kan, kí ni ó mọ̀ nípa ọ̀rá? Ẹni tí ó ń ronú báyìí kò tilẹ̀ lè tẹ̀ ba láti so okùn bàtà ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní rejíìmù mìíràn mọ́, iyọ̀ sì ti sú mi. Ní Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé lọ síbi iṣẹ́. Ìrìn ààbọ̀ wákàtí ni fún ẹni tí ara rẹ̀ pé. Ó gbà mí ní ohun tí ó ju wákàtí kan lọ, mo sì jókòó lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ rọra wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó yọrí jáde.

"Ọ̀gá, ṣé wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín ni?"

"Rárá. Mò ń rìn ni."

"Kí ni ẹ ṣe?" Bí ẹni ń bi ọ̀daràn ni ó ṣe bi mí.

Gbogbo ìlú ni ó ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà náà, ẹsẹ̀ jẹ́ ìyà tí Ọlọ́run fi jẹ tálákà. Ọkùnrin tí ó ní kọ́là lọ́rùn tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ti já kulẹ̀ nìyẹn. Mò ń rìn, ojú ń tì mí, òógùn ń bọ́, àwọn obìnrin tí ó ru igi ń ré mi kọjá, wọ́n ń kí mi "ẹ kú ìrìn" pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Lẹ́yìn oṣù kan mò ń jókòó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn oṣù méjì n kò jókòó mọ́. N kò tíì yí nǹkan kan padà nínú oúnjẹ mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn lọ tí ó rìn bọ̀ nínú oòrùn kì í wá wàrà inú agolo mọ́, omi ni ó ń wá. Báyìí ni wàrà ṣe lọ, láìjà.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ó dáa. Kí ni ó kàn?" Oúnjẹ alẹ́ ni mo mú. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kí á máa jẹun kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ̀fọ́ máa pọ̀ ju òkèlè lọ. Ìyàwó mi bi mí bóyá yóò tún jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní rárá, títí ayé ni. Ó ní, "Tó bá jẹ́ títí ayé ni, gbogbo ilé ni a ó jọ máa jẹ ẹ́. Mi ò se ìkòkò méjì mọ́." Bí ó ṣe di oúnjẹ ilé wa nìyẹn. Ẹ̀bà kò kúrò nílé wa, ó kàn dín kù ni.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ẹ̀bùn. Nígbà tí mo kọ adìyẹ àkọ́kọ́ ní Sakété, ẹ̀rù ba ẹni tí ó gbé e wá. Ó lọ, ó padà wá pẹ̀lú méjì. Wọ́n rò pé iye owó mi ti lọ sókè ni. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó gbà pé n kò fẹ́, àwọn kan sì kórìíra mi nítorí rẹ̀, nítorí ẹni tí a kò lè fi adìyẹ rà, a kò mọ bí a ṣe máa bá a lò. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi roko. Ọwọ́ mi bó. Ẹ̀yìn mi ro mí. Ó máa ń ro ebè mẹ́ta kí n tó ro ọ̀kan, kò sì yìn mí rí.

Kò pẹ́ tí ẹnu ayé fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù mi ń fẹ̀ jù mí lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wọlé. Wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe mí. Wọ́n ní ìyàwó mi ń fi ebi pa mí. Wọ́n ní wọ́n ti lé mi níṣẹ́, mo kàn ń lọ jókòó sábẹ́ igi ni. Níkẹyìn, àbúrò bàbá mi wá láti Pobẹ̀. Bàbá yìí kò bẹ̀ mí wò rí nígbà tí mo ṣubú ní ibùdókọ̀, kò wá nígbà tí mo dákú. Ìgbà tí mò ń yá gan-an ni ó wá kí mi kú àìsàn. Ó jókòó, ikùn rẹ̀ sinmi lórí itan rẹ̀, ó sì kọjú sí ìyàwó mi.

"Ìyàwó, kí ni ẹ fi ń bọ́ ọmọ wa?"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, "Oúnjẹ ni, Bàbá."

"Oúnjẹ wo? Nígbà tí ó wà ní Pobẹ̀, tí ó bá ń bọ̀, gbogbo èèyàn ni ó ń yà fún un lọ́nà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Torí kó má wó lù wọ́n ni."

Mo ti ilé jáde kí n tó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà jẹ iyán tí a gún fún un, ó jẹ ti ọmọ mi mọ́ ọn, ó mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ sọ fún gbogbo ẹbí pé n kò ní pẹ́ kú. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta ni ó ń ṣàánú mi.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo di ẹni mímọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe òkú àgbà kan ní Takọn, mo jẹ iyán, mo jẹ ẹran ewúrẹ́, mo mu sódàbì, mo jẹ títí n kò fi lè mí. Ní Pobẹ̀, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni rejíìmù máa ń kú, a ó sì máa jẹun lọ fún oṣù méjì kí a tó tún bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì òkú náà, mo wọ bàtà, mo rìn lọ síbi iṣẹ́ bí mo ti ń ṣe, mo sì jẹ ẹ̀fọ́ mi lálẹ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, nítorí kò sí ohun tí ó dúró. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wọ̀ mí lára. Ó gbà mí ní ohun tí ó lé ní ọdún méjì kí n tó sọ̀kalẹ̀ sí kílò mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Anfimiyé ti Sakété di apá mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti bọ̀ sípò, kò sì béèrè bí mo ti ṣe é.

Ọ̀gá akọ̀wé ni ó béèrè. Wọ́n ti gbé e ga ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ti di ẹni tí ń yẹ gbogbo ẹ̀ka wò. Ó dé Sakété lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ènìyàn méjì sì ràn án lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ kọjá lára mi. Nígbà tí ó dá mi mọ̀, ó fà mí wọ inú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Èwo lo lò?"

"Mi ò lo nǹkan kan, ọ̀gá. Mò ń rìn. Mo dín oúnjẹ kù. Mò ń roko lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

"Mo mọ̀. Mò ń bi ẹ́ léèrè èyí tí o lò."

"Ìyẹn náà ni."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ó ti di ọdún kẹta. Mi ò tíì parí."

Ó wò mí pẹ̀lú ìkórìíra. Ó ní òun ni òun kọ́ mi ní rejíìmù, tí mo bá sì wá rí oògùn kan, ó yẹ kí n rántí òun. Ó ní báyìí ni àwa ará oko ṣe máa ń ṣe, a kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn là. Ó fi ẹ̀gbẹ́ gba ẹnu ọ̀nà yàrá náà jáde, nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀ kéré.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì rọ. Mo lọ kí i nílé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Mo ti rò pé inú mi máa dùn díẹ̀, kí n sọ òtítọ́. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga gbọọrọ kan, itọ́ ń ṣàn ní igun ẹnu rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń nù ún pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀. Ó sunkún nígbà tí ó rí mi. N kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ohun tí dókítà ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, pé kí wọ́n máa gbé e dìde láràárọ̀, kí ó máa fi ọ̀pá rìn dé ìdí igi ọsàn tí ó wà lágbàlá kí ó sì padà, àní bí ó bá gba wákàtí kan. Mo gbé e dìde fúnra mi. A rìn dé ìdí igi náà, èmi àti òun. Kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ. Ó ń mí, ó ń bú mi ní Faransé, ọ̀rọ̀ náà sì ń já lẹ́nu rẹ̀.

Àkọ́bí rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá òun fi rìn ín. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní kí wọ́n wá bá òun wá abẹ́rẹ́ tuntun kan tí wọ́n ní ó wà ní Dàkáà. Ó lo ọdún mẹ́rin sí i lórí àga yẹn kí ó tó kú, ó ń dúró de abẹ́rẹ́ náà.